Láti Ìgbà Wo Ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yìí Ti Wú?

Nígbà ọyẹ́, kò sí ẹni tí í bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìdí tó fi wé aṣọ mọ́ àgbọ̀n. Òtútù òwúrọ̀ a máa mú ní Kétu ní oṣù kìíní ọdún, eruku a sì máa gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa, ọmọ ọdún 16 tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn ìyá rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí ilé-ẹ̀kọ́, a kò rí nǹkan kan sọ sí i. Ọyẹ́ lọ. Oṣù kẹta dé, ooru mú débi pé àwa olùkọ́ gan-an ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Ìborùn náà kò kúrò níbẹ̀.

A ó jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. A pàṣẹ fún un pé kí ó tú u, nítorí òfin ilé-ẹ̀kọ́ kò fàyè gba ìborùn ní kíláàsì, a sì rò pé ó ń fi okùn tẹlifóònù pamọ́ sí etí ni. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú u. Àgbọ̀n rẹ̀ lápá ọ̀tún ti yọ jáde bí ẹni pé ó ki odidi ọsàn kan sí ẹnu. Awọ ara ibẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò pọ́n, kò sì jọ ohun tó ń ro ó. Kíláàsì tó ń pariwo pa lọ́lọ́. Ó ní, "Eyín ni, Mùsíé," ó sì tún un wé.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, láàárín àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Atakpamé, "eyín ni" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ gbogbo ohun tó bá wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, eyín kò mọwọ́ mọsẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí a kọ́ ní ọdún tí a bá ọmọ yìí rìn ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí a gbàgbọ́ pé ká ní a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àgbọ̀n ọmọ náà ì bá má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, a lọ kí ìyá rẹ̀. Ó gbé àga fún wa, ó bu omi wá, ó sì ṣe àlàyé láìfi nǹkan kan bò. Ọdún kẹta rèé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré, tó bí ẹyọ ẹ̀wà, ní ẹ̀yìn àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni eyín inú kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ihò kankan. Wọ́n mú un lọ sí ibì kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n yọ eyín náà fún un láìya àwòrán egungun. Wíwú náà kò lọ. Wọ́n padà síbẹ̀, wọ́n tún yọ ìkejì. Àgbo tẹ̀lé e, ìpara tẹ̀lé e, lẹ́yìn èyí ni oògùn oníhóró tí wọ́n ń kà tà lójú ọ̀nà ọjà. Nígbà tí a béèrè ìdí tí wọn kò fi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìyá náà wò wá bí ẹni tí ìbéèrè yẹn yà lẹ́nu.

Ó ní, "Kò dùn ún, Mùsíé. Bó bá ń dùn ún ni, à bá ti sáré."

A kò lè dá a lẹ́bi. Bí gbogbo wa ti ń ṣe nìyẹn: ìrora ni à ń fi díwọ̀n àìsàn. Èyí tó bá ń ké ni à ń gbé sáré, èyí tó bá dákẹ́ a máa sùn mọ́ wa nínú ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a bá wọn wọ tákísí. A gba Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ kọjá sí Àjàṣẹ́, a sì dé Kùtọnu kí oòrùn tó mú. Ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU Hubert Koutoukou Maga, ẹ̀ka kan wà fún ìtọ́jú ẹnu àti fún iṣẹ́ abẹ egungun ojú àti àgbọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní chirurgie maxillo-faciale ní èdè Faransé. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní Lomé, ní CHU Sylvanus Olympio, ó sì wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn fún àwọn ará wa tí ìbátan wọn ń gbé lápá ibẹ̀. A sọ èyí nítorí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé irú dókítà bẹ́ẹ̀ wà. A mọ dókítà eyín, a mọ dókítà tó ń la ikùn. Ẹni tó mọ̀ nípa egungun tí eyín dúró lé lórí, àwa náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Kí dókítà tó fọwọ́ kan ọmọ náà rárá, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Láti ìgbà wo?"

Ìyá dáhùn pé ọdún mẹ́ta. A ti ń retí pé kí dókítà bínú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jọ pé ara tù ú díẹ̀. Nígbà tó rí i pé ẹnu yà wá, ó ṣàlàyé. Ó ní ohun tó bá wú ní àgbọ̀n láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àti èyí tó gba ọdún púpọ̀ kó tó wú, àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Abẹ ni ọ̀kan ń fẹ́, abẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìtọ́jú òmíràn. Ẹni tó bá mọ àkókò ti mọ ìdajì ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń gba ọjọ́, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù lọ, òun gan-an sì ni "eyín ni" tòótọ́. Kòkòrò inú ẹnu a máa fi ṣúgà tó kù sí ara eyín ṣe omi kíkan, omi kíkan yìí a sì máa jẹ ara líle funfun tó bo eyín títí ihò yóò fi dé ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà. Ibẹ̀ ni akokoro ti ń mú ènìyàn sunkún lóru. Nígbà tí inú eyín bá kú tán, ìrora lè dáwọ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì rò pé òróró kánáfùrù tí òun fi há a ló wò ó sàn. Kánáfùrù a máa pa ìrora lóòótọ́, àwọn dókítà eyín pàápàá ń lo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lé kòkòrò tó ti gba orí gbòǹgbò wọ inú egungun. Kòkòrò náà yóò sọ ibẹ̀ di ọyún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú, yóò pọ́n, yóò gbóná, ibà yóò dé.

Bí ó bá jẹ́ eyín inú ti ìsàlẹ̀, ewu ńlá wà níbẹ̀. Gbòǹgbò àwọn eyín wọ̀nyẹn gùn kọjá iṣan tó tẹ́ abẹ́ ahọ́n bí ẹní, ọyún wọn sì lè ṣàn wọ ọrùn. Dókítà ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ló ṣe àpèjúwe àrùn yìí ní ọdún 1836, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Abẹ́ àgbọ̀n á le bí igi. Ahọ́n á gbé sókè. Aláìsàn kò ní lè gbé itọ́ mì, ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí pé èémí kò já gaara mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé, ẹ má dúró de ìdájí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a sùn kó máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ ní ìjókòó. Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò ṣọ́ ọ̀nà èémí rẹ̀, wọn yóò la ibi tí ọyún wà, wọn yóò fún un ní oògùn tó lágbára láti inú iṣan, wọn yóò sì yọ eyín tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí eyín kan tó ní ihò, àgbàlagbà lè kú láàárín ọjọ́ méjì. Kì í ṣe ìdẹ́rùbà.

Èyí tó ń gba ọ̀sẹ̀ ni ti àwọn ọmọdé. Ìtàn rẹ̀ wù wá láti sọ, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Ùgáńdà, wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ ará Ireland kan, Denis Burkitt, wá wo ọmọ ọdún 5 kan. Àgbọ̀n ọmọ náà wú lápá ọ̀tún àti òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Burkitt kò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó rí ọmọ mìíràn tó ní irú wíwú kan náà ní ìlú Jinja. Bí a bá rí ohun àjèjì lẹ́ẹ̀kan, a lè gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ó yẹ kí a jókòó tì í. Burkitt jókòó tì í: ó wá inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní ọdún 1958. Ní ọdún 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wọ ọkọ̀, wọ́n rin ìrìn tó tó 16,000 kìlómítà káàkiri ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, wọ́n ń ya ilé ìwòsàn kiri, wọ́n ń béèrè ẹni tó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí kò tíì rí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí ooru àti òjò wà, níbi tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀, ni àrùn náà ti pọ̀. Ní ọdún 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan ní London nínú ẹran ara tí wọ́n gé lára àwọn ọmọ Ùgáńdà wọ̀nyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò rí fáírọ́ọ̀sì nínú jẹjẹrẹ ènìyàn.

Jẹjẹrẹ ni àrùn Burkitt, ó sì wà nínú èyí tó ń yára dàgbà jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ: ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Eyín ọmọ yóò máa mì kí àkókò rẹ̀ tó tó, ojú lè yọ síta, ikùn lè wú pẹ̀lú. Síbẹ̀, oògùn tí wọ́n ń gún sínú iṣan a máa yọ́ ọ bí oòrùn ti ń yọ́ òrí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bá sì tètè gbé wá ni í yè. Burkitt tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ wà lára àwọn tó fi hàn pé oògùn ni àrùn yìí ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ń gé irú àgbọ̀n bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń yọ eyín rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ayé ọmọ náà ló ń fi ṣòfò.

Òmíràn tún wà tí kì í dúró de ọ̀sẹ̀. Noma ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí oúnjẹ kò tó ló sábà máa ń mú, pàápàá lẹ́yìn èéyi tàbí ibà líle. Egbò kan á jáde ní èrìgì, ẹnu á máa rùn lọ́nà tí kò ṣe é fara dà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹran ibẹ̀ á dúdú, á sì jábọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, nínú ọmọ 10, 9 lè kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tó ń pa kòkòrò, omi tí a fi ń fọ ẹnu àti oúnjẹ tó dára lè dá a dúró nígbà tó bá ṣì wà ní èrìgì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni àjọ náà tó kọ ọ́ mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Àwọn tó yè, tí egbò wọn jinná, tí àpá sì so àgbọ̀n wọn pa tí ẹnu kò ṣí mọ́, ni iṣẹ́ abẹ wà fún. Ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó, lókè Nàìjíríà, láti ọdún 1999, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ ó rí i nísinsìnyí ìdí tí ara fi tu dókítà nígbà tó gbọ́ ọdún mẹ́ta. Ohun tó wà ní àgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní pa á lọ́la. Ṣùgbọ́n kò ní dáwọ́ dúró pẹ̀lú.

Wọ́n mú un lọ síwájú ẹ̀rọ kan tó ń yí orí ká fún ìṣẹ́jú àáyá bíi 15, ó sì ya àwòrán àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ sórí ojú ewé kan. A wò ó pẹ̀lú wọn. Lápá òsì, egungun náà funfun, ó sì dán mọ́rán. Lápá ọ̀tún, afárá oyin ni a rí: ihò roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò roboto, pẹ̀lú ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Eyín ọgbọ́n tí kò tíì hù ni wọ́n ti tì dé ìsàlẹ̀ egungun pátápátá. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni améloblastome.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ohun tó jọ wá lójú jù ni ibi tó ti wá. Kí eyín tó hù, inú egungun ni a ti ń mọ ọ́n, bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ṣe ara líle funfun tó bo eyín. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, tí eyín hù, iṣẹ́ tán, wọ́n a sì kú. Àwọn díẹ̀ nínú ìran wọn a máa ṣẹ́kù sínú egungun, wọ́n a dákẹ́ síbẹ̀ títí ayé ènìyàn. Nínú àwọn kan, wọ́n a tún jí. Wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ eyín í mọ mọ́: àyè nìkan ni wọ́n ń gbà. Egungun a máa fún wọn láyè, a máa tinrin títí yóò fi dà bí èèpo ẹyin tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kì í sábà tàn dé ibòmíràn nínú ara, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í kà á mọ́ jẹjẹrẹ tó ń pani kíákíá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sílẹ̀, ó lè tóbi ju orí ènìyàn lọ, kó má jẹ́ kí ènìyàn lè jẹun, tàbí kó dí ọ̀nà èémí.

Àwòrán nìkan kò tó. Àwọn kókó mìíràn wà tí wọ́n ń dà bí afárá oyin lójú àwòrán. Nítorí náà, wọ́n gé ẹyọ kékeré kan níbẹ̀, wọ́n fi sínú ìgò formol, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ wò ó. Èyí ni biopsie. Níbí ni ìyá ọmọ náà ti dìde. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí irin bá ti kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò tàn ká. Dókítà kò bá a jà, ohun tí a yìn ín fún nìyẹn. Ó béèrè ẹni tí ìyá náà mọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá dárúkọ ìbátan kan: wọ́n ha kókó jáde ní àgbọ̀n rẹ̀, ó sì padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà ní òótọ́ ni ohun tó rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin ló fà á. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti tu koríko ẹ̀kan rí?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ta ni kò tíì tu ẹ̀kan rí ní Kétu? Bí o bá fà á lókè, ilẹ̀ yóò mọ́ ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ yóò hù padà kí òjò méjì tó rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni améloblastome: ó ti ran gbòǹgbò wọ inú egungun tí ojú rí bí ẹni pé ó dára. Nítorí náà ni wọn kì í fi í ha á lásán, àfi bí irú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó rọrùn. Wọ́n a gé egungun náà, wọ́n a sì kọjá ibi tí àwòrán ti fi òpin rẹ̀ hàn ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì.

Owó ló wá kù. Ìyá náà tọrọ èsúsú rẹ̀ kí ó tó kàn án, àwa olùkọ́ dá owó jọ, àbúrò bàbá kan ní Lomé fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ó gba oṣù mẹ́rin. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, àìmọye ènìyàn ló sọ fún ìyá náà pé kí ó ní sùúrù, pé ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó yóò padà wá. Ọkọ̀ Africa Mercy ni wọ́n ń sọ. Ó gúnlẹ̀ sí Kùtọnu ní ọdún 2009, ó tún wá ní ọdún 2016 títí di 2017, ó sì ti dúró ní Lomé ní ọdún 2010 àti 2012. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ kò kéré: ọ̀fẹ́ ni wọ́n yọ irú kókó yìí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, Gary Parker, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, sì ti lo ohun tó lé ní 30 ọdún nínú iṣẹ́ náà. A kò ní sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ yóò ṣí lọ, kókó àgbọ̀n kò sì ní í ka oṣù dè é. A mọ àwọn tó jókòó de ọkọ̀ náà nígbà tí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ wọn ń gbé ní ìrìn wákàtí díẹ̀ sí ilé wọn.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, imú ni wọ́n ti ki ọ̀pá èémí bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ẹnu lè ṣófo fún oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ìpàdé eyín má baà yẹ̀. Wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n, wọ́n gé egungun náà láti ẹ̀yìn títí dé itòsí eyín ọ̀gan, wọ́n sì fi irin titane tí wọ́n ti tẹ̀ bí ìrísí àgbọ̀n dè é níbi méjèèjì pẹ̀lú ìdè oníyíyí. Bí irin yìí kò bá sí níbẹ̀, iṣan ẹnu yóò fa egungun tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú yóò sì wọ́. Irin nìkan kò lè wà níbẹ̀ títí láé: bí ọdún ti ń lọ, ó lè ṣẹ́ tàbí kó la awọ jáde. Nítorí náà ni wọn yóò ṣe mú egungun láti ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀ wá dí àlàfo náà, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kan náà, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ti ọmọ wa di ẹ̀yìn oṣù díẹ̀.

Ohun kan wà tí dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀, tí gbogbo wa sì gbọ́ láìfi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí i. Iṣan ìmọ̀lára ètè ìsàlẹ̀ gba inú egungun yẹn kọjá. Bí wọ́n bá gé egungun, iṣan náà á bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ni ó fi ń gba oúnjẹ láti ọ̀nà imú. Lẹ́yìn náà ni ògì, omi ẹ̀fọ́ àti ẹyin tí wọ́n pò mọ́ wàrà, pẹ̀lú omi iyọ̀ tó fi ń fọ ẹnu lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ. BEPC ọdún yẹn kọjá láìsí i níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, a ti ń wo ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí ẹni tó ń wá nǹkan. A kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ń rí ojú kan náà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, ó lè mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kò bá ìkejì dọ́gba mọ́. Eyín tó ń mì láìní ihò lẹ́nu ọ̀dọ́, àlàfo tó ṣàdédé là láàárín eyín méjì, ètè tó kú bí ẹni pé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kókó nínú egungun tí kò dunni: ohun tó yẹ kí a ya àwòrán rẹ̀ ni wọ́n. Fún àwọn àgbà, pàápàá àwọn tó ń mu sìgá, tó ń jẹ tábà tàbí tó ń mu ọtí líle, egbò ẹnu tí kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gbé e lọ fún dókítà, nítorí bí jẹjẹrẹ ẹnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ yọ eyín tí kò ní ihò fún yín láìya àwòrán, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ẹ tó la ẹnu.

Ní oṣù kẹwàá, ọmọ náà padà wá sí kíláàsì. Àpá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí ìlà tí a fi ẹfun fà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rin wọlé díẹ̀, kò sì lè fi apá yẹn jẹ ẹran. Ó sọ fún wa pé ní ọ̀sẹ̀ kejì tí òun délé, òun mu ẹ̀kọ gbígbóná, òun kò mọ̀ pé ó jó òun ní ètè àfìgbà tí ìyá òun rí i tó lé ròrò. Nísinsìnyí, ìka ló kọ́kọ́ ń tì bọ inú ife. Iṣẹ́ abẹ kejì, èyí tí wọn yóò fi mú egungun ìbàdí, di ẹ̀yìn ìdánwò. Dókítà sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ó máa wá ya àwòrán lọ́dọọdún, nítorí irú kókó yìí lè padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ó béèrè lọ́wọ́ wa iye ọdún tí òun yóò jẹ́ nígbà náà. A ṣírò rẹ̀ fún un lórí pátákó.